Ìjàpá, Ehoro àti Kátúùnù Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ àlọ́ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́ ojú òṣùpá. Àlọ́ inú tẹlifíṣọ̀n ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà fi àwòrán yà, tí wọ́n sì ti ń fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ní nǹkan bí ọdún 1986, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni ó wà ní agboolé wa ní Ọ̀fà. (Ìwé ìjọba a máa kọ orúkọ ìlú náà pẹ̀lú f méjì, èmi yóò kọ ọ́ bí àkọtọ́ òde òní ṣe fẹ́.) Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni tẹlifíṣọ̀n náà. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ètò máa ń bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọdé ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn: wọn a fi kátúùnù hàn wá. Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìyá àgbà jókòó sẹ́yìn wa, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì fẹ́ràn ariwo àpótí náà. Ehoro kan ń sáré nínú àwòrán. Ó sáré títí, èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ibikíbi tí ó bá dé, Ìjàpá ti wà níwájú rẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

À ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé wa tó. Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ìwé pé Ehoro ni ó sùn lójú ọ̀nà tí Ìjàpá fi borí rẹ̀. Ehoro inú àwòrán yìí kò sùn rárá. Ìyá àgbà ni ó gbójú sókè láti inú àwo ẹ̀wà rẹ̀ tí ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò rí i ni? Ìjàpá kọ́ ló ń sáré. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló tò sójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tirẹ̀. Ẹ ṣáà máa wò ó." A wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí.

Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó bí obìnrin tí kò kàwé, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ, ṣe mọ àṣírí fíìmù òyìnbó ṣáájú àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìdáhùn tí mo rí ni mo fẹ́ kọ síbí.

Fíìmù náà ni Tortoise Beats Hare, tí ilé-iṣẹ́ Warner Bros. gbé jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1941. Olùdarí rẹ̀ ni Tex Avery, ọmọ ìpínlẹ̀ Texas tí wọ́n bí ní 1908. Ehoro inú rẹ̀ ni Bugs Bunny tí gbogbo ayé mọ̀. Ìjàpá inú rẹ̀ ni wọ́n sọ ní Cecil. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ehoro jáde síwájú pátákó tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù wà lára rẹ̀, ó ń jẹ kárọ́ọ̀tì, ó ń ṣi orúkọ wọn pè, títí ojú rẹ̀ fi bá àkọlé tí ó sọ pé Ìjàpá ni yóò borí Ehoro. Inú bí i. Ó fa pátákó náà ya, ó wá Cecil lọ sílé, ó sì bá a ta dọ́là mẹ́wàá pé òun yóò sáré jù ú lọ. Bí ó ti ń kúrò níbẹ̀ ni Ìjàpá gbé tẹlifóònù, ó ké sí àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n jọ ọ́ bí ìbejì, ó sì ní kí olúkúlùkù dúró sí àyè tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyókù ni ìyá àgbà ti sọ tán.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí fíìmù báyìí jẹ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ìsínjẹ ni. Aláwàdà a mú ìtàn tí tọmọdé tàgbà mọ̀, a yí orí rẹ̀ sódì, ẹ̀rín a sì ti inú ohun tí à ń retí tí a kò rí jáde. Walt Disney pàápàá, kí orúkọ rẹ̀ tó kàn, irú iṣẹ́ yìí ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1922, ní ìlú Kansas City, ilé-iṣẹ́ kékeré rẹ̀ tí ń jẹ́ Laugh-O-Gram ṣe fíìmù kéékèèké láti inú àlọ́ òyìnbó bíi Cinderella àti Puss in Boots, wọ́n sì gbé àwọn ẹ̀dá inú àlọ́ náà wá sí ayé ìgbà tiwọn. Ilé-iṣẹ́ náà wọko gbèsè ní 1923. Nígbà tí Disney wá di ọlọ́lá ní Hollywood, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀wọ̀ sọ àwọn àlọ́ wọ̀nyí bí a ti ń sọ wọ́n fún ọmọdé. The Tortoise and the Hare tirẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1935, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar. Snow White tẹ̀lé e ní ìparí 1937.

Níbi tí ẹnì kan bá ti ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ ni aláwàdà ti ń rí ọjà tà. Ní 1937 kan náà Avery gbé Little Red Walking Hood jáde, ó ṣe Cinderella Meets Fella ní 1938, nígbà tí ó sì ti kọjá sí ilé-iṣẹ́ MGM, ó ṣe Red Hot Riding Hood ní 1943. Nínú èyí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọbìnrin aláṣọ pupa bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ ni ìkookò, ọmọbìnrin náà àti ìyá rẹ̀ àgbà bá yarí mọ́ ẹni tí ń sọ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ọ̀nà àtijọ́ yẹn ti sú àwọn. Ó di dandan kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ilé ijó ní Hollywood ni wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. (Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹranko tí ó wà nínú àlọ́ òyìnbó yìí kò sí nínú igbó ilẹ̀ wa. Ìkookò ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fi rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ apanijẹ mìíràn ni àwọn ọdẹ wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ a máa gbé awọ ẹranko kan wọ òmíràn, ẹ ó sì rí i pé ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí Ìjàpá.)

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí ó nílò láti fi àlọ́ Ìjàpá sín jẹ, nítorí pé àlọ́ Ìjàpá fúnra rẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ náà. Kò sí apàlọ́ tí a ń dè mọ́ bí ẹlòmíràn ti pa á. Bí àwọn olùgbọ́ bá ti mọ òpin rẹ̀, apàlọ́ a gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, Ọ̀fà sì wà láàárín wọn. Nígbà tí èmi gbọ́njú, mo gbọ́ àlọ́ tí Ìjàpá ti wọ rélùwéè láì ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí ó sì fara pamọ́ sínú ẹrù oníṣu. Kò sí ẹni tí ó bi apàlọ́ bóyá rélùwéè wà ní ayé ìgbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀. Ohun tí Avery ń gba owó fún ní Hollywood, ọ̀fẹ́ ni a ń rí i lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń dùn mí. Ìtàn tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé, ti Ésóòpù ará Gíríìsì àtijọ́ ni. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń rọra rìn tí kò dúró ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹ̀kọ́ rere ni, n kò bá a jà. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n fún ẹranko inú rẹ̀ ní orúkọ Ìjàpá, àwa náà sì gbà pé Ìjàpá wa ni. Kì í ṣe òun. Ìjàpá ọkọ Yánníbo kì í mú sùúrù! Òun ni ó jẹ àsèjẹ tí wọ́n sè fún ìyàwó rẹ̀ kí ó lè lóyún, tí ikùn tirẹ̀ sì wú. Òun ni ó tan Erin wọ ìlú pé wọ́n fẹ́ fi jọba. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1973 yóò pàdé olè, ọ̀jẹun, aláìmoore àti ọlọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Sùúrù ni yóò wá tì. Síbẹ̀, nígbà tí mo bi àwọn ọmọ kan ní Ọ̀fà pé kí ni ìwà Ìjàpá, sùúrù ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tí kò mọ̀ ju èyí lọ ti sọ ìdajì àlọ́ Yorùbá nù, kò sì mọ̀ pé òun sọ nǹkan nù, nítorí pé orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí ó yé ará Ọ̀fà ju ẹlòmíràn lọ. Ìlú ìjàkadì ni ìlú wa; bí a bá ti dárúkọ Ọ̀fà, ìjàkadì ni ó ń wá sí ọkàn gbogbo Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti wo ìjàkadì dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe alágbára ni ó máa ń dá ẹni jù. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ ni. Àlọ́ tí Ìjàpá ti so okùn mọ́ Erin ní orí ilẹ̀, tí ó so ìdí kejì mọ́ Erinmi nínú odò, tí àwọn méjèèjì ń fa ara wọn tí wọ́n rò pé Ìjàpá ni àwọn ń bá fa okùn, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni.

Níbo wá ni Cecil ti rí ọgbọ́n tirẹ̀? Kì í ṣe lọ́wọ́ Ésóòpù. Ọ̀nà méjì ni eré ìje alẹ́bí yìí gbà dé Amẹ́ríkà. Ti àkọ́kọ́ ni Jámánì. Àwọn ará Grimm ní irú rẹ̀ nínú àkójọ àlọ́ wọn, ṣùgbọ́n òòrẹ̀ kékeré ìlú òyìnbó àti ìyàwó rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀: ọkọ dúró sí orí poro kan, ìyàwó sí ìparí rẹ̀, Ehoro sì ń sáré lọ sáré bọ̀ títí ó fi kú ní ìgbà kẹrìnléláàádọ́rin. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ènìyàn dúdú. Ní 1880, Joel Chandler Harris, oníwèé ìròyìn aláwọ̀ funfun ní Atlanta, tẹ ìwé kan jáde tí ó kó àwọn àlọ́ jọ tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹrú ní oko ńlá kan ní Georgia nígbà èwe rẹ̀. Nínú ọ̀kan lára wọn, Ehoro àti Ahun bá ara wọn ta àádọ́ta dọ́là lórí eré máìlì márùn-ún. Ahun tò ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìdí òpó tí ó wà ní máìlì kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ sì lọ dúró sí òpó ìkẹyìn. Owó ni wọ́n ta níbẹ̀, owó ni wọ́n ta nínú fíìmù. Ẹbí ahun ni ó tò sójú ọ̀nà níbẹ̀, òun náà ni ó tò nínú fíìmù. Ní èrò tèmi, ẹni tí ó bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ní í wá bàbá Cecil lọ sí Jámánì.

Àlọ́ yìí pọ̀ káàkiri ní Áfíríkà Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín. Nínú èyí tí ìyá àgbà mọ̀, Àgbọ̀nrín ni ó wà ní ipò Ehoro. N kò ní sọ pé Yorùbá nìkan ni ó ni ín, nítorí irọ́ ni yóò jẹ́. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, Bùràsíìlì àti Kúbà ni púpọ̀ nínú wọn lọ. Àwọn tí ó dé Georgia àti Carolina, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Senegáńbíà, ará Kóńgò àti Àǹgólà, àti ará ìlà-oòrùn ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà. (Ogun tí Ìlọrin fi tú Ọ̀fà ká ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún pẹ́ jù, òwò ẹrú orí òkun ti parí kí ó tó ṣẹlẹ̀.) William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 àti 1938, lo ọdún ìkẹyìn ayé rẹ̀ láti fi hàn, àlọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, pé Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ àlọ́ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ti wá. Ó kú ní 1981. Ìwé tí wọ́n kó iṣẹ́ náà jọ sí jáde ní 1992.

Ní Kúbà, Ìjàpá kò pàdánù orúkọ rẹ̀ pàápàá. Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ará Kúbà tí ó jókòó ti àwọn àgbà Lùkùmí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé àlọ́ ahun kan jáde ní 1971, ó sì pe ìwé náà ní Ayapá. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́. Àjàpá ni! Ẹni tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí oko ìrèké, tí wọ́n gba orúkọ rẹ̀, tí wọ́n fún un ní orúkọ mímọ́ ìjọ Páádì, kò jẹ́ kí wọ́n gba ti Àjàpá. Ní ìhà àríwá, ní Georgia, àlọ́ náà wà láàyè ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ sọnù, nígbà tí ó sì fi di 1941, Cecil ni ó ń jẹ́.

Ibi tí ẹ̀rín ti ń kúrò lẹ́nu mi nìyí. Ọdún 1943 ni Warner Bros. gbé fíìmù Cecil kejì jáde, Tortoise Wins by a Hare, tí Bob Clampett darí. Ní oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀, oṣù kìíní ọdún náà, Clampett kan náà gbé fíìmù ìsínjẹ mìíràn jáde tí ń jẹ́ Coal Black and de Sebben Dwarfs. Snow White ni ó fi sín jẹ, àwọn ènìyàn dúdú ni ó sì fi gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ ṣe: ètè ńlá, ojú tí ó yọ síta, èdè tí wọ́n bà jẹ́ kí aláwọ̀ funfun lè rẹ́rìn-ín. Àwọn olórin dúdú ni wọ́n fún ní ohùn inú rẹ̀ láti sọ. Ní 1968, ilé-iṣẹ́ United Artists tí fíìmù wọ̀nyí wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà yọ mọ́kànlá kúrò nínú ohun tí tẹlifíṣọ̀n lè gbé jáde, Coal Black sì wà lára wọn. Àwọn kan ṣì ń yìn ín pé iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ dára. Ó dára lóòótọ́, èyí ni ó sì burú jù níbẹ̀. Nínú oṣù méjì, ọwọ́ kan náà ya ọgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú sí ara ahun, ó sì ya ojú wọn gẹ́gẹ́ bí ohun yẹ̀yẹ́. Kò sì sí ẹnì kan nínú ilé sinimá tí yóò sọ fún un pé ilé kan náà ni ó ń jà lólè.

Ti 1943 dùn púpọ̀ ṣáá o. Ehoro dán an wò láti mọ àṣírí Cecil, Cecil sì purọ́ fún un pé igbá ẹ̀yìn òun ni, pé kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dí òun lọ́wọ́. Ehoro lọ rọ igbá tirẹ̀ wọ̀. Àwọn ọmọ ìta tí wọ́n jẹ́ ehoro, tí wọ́n ti ta owó wọn sórí Ehoro, rí ẹni tí ó wọ igbá tí ń sáré lọ, wọ́n rò pé Ìjàpá ni, wọ́n sì lù ú bí ẹní lu bàrà. Cecil ti wọ aṣọ ehoro ní tirẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, Rabbit Transit tí Friz Freleng ṣe ní 1947, Ehoro borí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Cecil tàn án tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ bí eré rẹ̀ ti pọ̀ tó, ọlọ́pàá sì mú un nítorí eré àsápajúdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ehoro jìyà.

Ohun tí ó ya Cecil nípá sí Ìjàpá wa nìyẹn. Nínú fíìmù òyìnbó, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ a máa lérè títí dé òpin: ó gba owó, ó lọ. Ní ilé wa, apàlọ́ kì í fi Ìjàpá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ó bá a rẹ́rìn-ín bí ó ti ń tan Erin jẹ, ṣùgbọ́n kí àlọ́ tó parí, yóò já bọ́ láti ojú ọ̀run, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fọ́, tàbí kí àtè orí ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú oko mú un lọ́wọ́ mú un lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà ń retí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí fíìmù náà parí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó dá ṣíṣa ẹ̀wà dúró.

"Ṣé ó tán nìyẹn? Wọn ò nà án?"

"Ó ti tán, Ìyá àgbà."

"Kò tíì tán," ni ó wí, ó sì ní kí ọ̀kan nínú wa pa àpótí náà. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ eré ìje náà, àwọn ẹbí Ìjàpá wá bá a pé kí ó fún àwọn ní ìpín àwọn nínú owó. Ìjàpá ní owó wo? Ó ní ṣebí afẹ́fẹ́ ni òun ní kí wọ́n wá gbà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kò bá a jà. Wọ́n gbé e, wọ́n sì dojú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀ sí àárín ọ̀nà tí wọ́n ti sáré, ikùn rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wa ọ̀run, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Ehoro bá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní Ehoro kò sáré mọ́; ó ń rọra rìn lọ sí oko rẹ̀ ni. Ó kí Ìjàpá kú ọ̀nà, ó sì kọjá.